Ẹ̀yìn Ọrùn Kò Dọ́gba Pẹ̀lú Ọ̀fun

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra sùẹ́tà fún ọmọ rẹ̀, àwọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà yóò wo bọ́tìnnì, yóò fa apá rẹ̀ wò bóyá ó gùn tó, yóò sì béèrè iye owó. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn oníbàárà tí mo rí tí wọ́n yí sùẹ́tà padà láti wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ kò pé mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yìn ọrùn yìí gan-an ni ọmọ yóò fi mọ̀ bóyá aṣọ náà yóò ṣe é gbé wọ̀ títí di ọ̀sán, tàbí bóyá yóò bọ́ ọ sínú báàgì kí ó tó dé ilé ẹ̀kọ́.

Iṣẹ́ sùẹ́tà híhun ni iṣẹ́ mi. Nítíìn ni wọ́n ń pè é ládùúgbò wa. Bàrígà ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ìyá kan tí gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Àlàájà. Ṣómólú ni mo ti ń ṣe é báyìí. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju ìlà mẹ́fà lọ nínú sùẹ́tà kan, ìlà mẹ́fà kúkúrú tí kò dé òpin, tí ẹni tó wọ aṣọ náà kò sì ní fojú rí. Ṣùgbọ́n nítorí irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá kan fi bọ́ lọ́wọ́ Àlàájà. N ó sọ bí ó ti jẹ́, kí ẹ̀yin fúnra yín lè dá a rò.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni a ń fi sùẹ́tà ṣe ní Èkó tí oòrùn ń mú báyìí. Ẹ̀tọ́ ni ìbéèrè náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jí rìn ní etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ Bàrígà ní oṣù Keje, nígbà tí òjò kò dá, tí atẹ́gùn ń ti ojú omi wá láti apá ibi tí afárá Third Mainland gbà kọjá, kò ní béèrè mọ́. Ọyẹ́ tún ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ fi sùẹ́tà kún aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ìkókó tí a bí lónìí ń fẹ́ ohun tí yóò bò ó ní òru. Àwọn tí wọ́n sì ń rin ìrìn àjò lọ sí Jos, ìlú tó ga ju 1,200 mítà lọ sókè òkun, ń wá èyí tó nípọn.

Iṣẹ́ ọwọ́ kò ṣàjèjì ní apá ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo ènìyàn ló mọ Ṣómólú mọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kò ti ń dákẹ́, tí wọ́n ń gé ìwé, tí wọ́n ń dì í, tí wọ́n ń ko etí rẹ̀ kí ó dọ́gba. Ní etí ọ̀sà Bàrígà, àwọn apẹja ń jókòó tún àwọ̀n wọn ṣe. Lọ́dọ̀ wọn ni a ti yá ọ̀rọ̀ tí a ń lò. Bí wọ́n ti ń sọ pé ojú àwọ̀n já, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń sọ pé ojú já lórí abẹ́rẹ́. Ojú ni gbogbo iṣẹ́ wa. Ojú kan tẹ̀ lé òmíràn, ó di ìlà. Ìlà gun orí ìlà, ó di aṣọ.

Iṣẹ́ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Lára àwọn ohun tí a fi abẹ́rẹ́ hun tó pẹ́ jùlọ tí a ṣì rí títí di òní ni àwọn ìbọ̀sẹ̀ òwú aláró àti funfun tí wọ́n rí ní ilẹ̀ Íjíbítì. Wọ́n ti lé ní 700 ọdún, àwọn kan nínú wọn sì ní ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí wọ́n hun mọ́ wọn lára. Ní 1589 ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Lee, ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó lè hun irú aṣọ yìí. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí a ń lò nínú ìsọ̀ lónìí kò nílò iná mànàmáná. Ọwọ́ ni a fi ń tì wọ́n lọ, tí a fi ń tì wọ́n bọ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ wa kò fi dúró nígbà tí iná bá lọ.

Wàyí o, ẹ gbé ọwọ́ yín sí ọrùn yín. Ẹ fi ìka kan kan egungun tó yọ ní ẹ̀yìn ọrùn, ẹ fi ìka kejì kan kòtò tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun níwájú. Ẹ ó rí i pé ti ẹ̀yìn ga ju ti iwájú lọ. Bí Ọlọ́run ti dá wa nìyẹn. Bí a bá wá hun sùẹ́tà tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba bí àpò ìrọ̀rí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Iwájú yóò gun ọ̀fun ọmọ náà, yóò máa ha á. Ẹ̀yìn yóò wà ní ìsàlẹ̀, ọrùn yóò ṣí sílẹ̀ fún òtútù. Bí ọmọ náà bá ti ń tẹrí ba láti kọ̀wé, aṣọ yóò máa fà sẹ́yìn, òun náà yóò máa fi ọwọ́ fà á síwájú. Ẹ ti rí ọmọ tó ń fi ìka méjì fa ọrùn aṣọ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn àgbà a máa rò pé ọmọ náà kò fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ ni. Bóyá sùẹ́tà rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó jókòó.

Ọ̀nà méjì ni a lè fi tún un ṣe. Ọ̀nà kìíní ni pé kí a gbẹ́ iwájú sílẹ̀, kí a tètè pa ojú àárín iwájú dé, kí a sì hun èjìká méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n àyà ọmọ yóò ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn kò sì ní ga sí i. Ọ̀nà kejì ni pé kí a gbé ẹ̀yìn sókè. Èyí ni iṣẹ́ ìlà kúkúrú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kí ọ̀dọ́ tó bá ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ lè gbìyànjú rẹ̀. Ẹ mú sùẹ́tà ọmọ ọdún méje. Ẹ̀yìn, iwájú àti apá ti parí, a ti so wọ́n pọ̀, ó ku ọrùn. A ó fi abẹ́rẹ́ tí okùn so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ ṣa ojú yí ọrùn náà ká: 26 lẹ́yìn, 26 níwájú, àti 10 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 72. Lórí òwú tí mo sábà máa ń lò, ojú 20 ló ń fún mi ní sẹ̀ǹtímítà 10, nítorí náà ọrùn náà yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36 yíká. Ríìbù yóò sì fà á mọ́ra nígbẹ̀yìn.

Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ríìbù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọrùn tó dọ́gba yíká ni a ó ní. Dípò bẹ́ẹ̀, ibi tí ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ ni àwa náà yóò ti bẹ̀rẹ̀. A ó hun ojú 26 ti ẹ̀yìn ní pílénì, a ó sì hun 8 sí i wọ inú ẹ̀gbẹ́. Níbẹ̀ ni a ó dúró. Gbogbo ojú iwájú ń dúró dè wá, ṣùgbọ́n a kò ní lọ bá wọn. A ó yí iṣẹ́ padà. Ní pọ́ọ̀lù, a ó padà hun ojú 42: 8 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hun, 26 ti ẹ̀yìn, àti 8 ní ẹ̀gbẹ́ kejì. A ó tún yí padà. Ìlà kẹta yóò jẹ́ ojú 38, ìkẹrin 34, ìkarùn-ún 30, ìkẹfà 26. Ẹ rí i pé mẹ́rin mẹ́rin ni a ń fi sílẹ̀ bí a ti ń gòkè, bí ẹni ń mọ àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn ìlà kẹfà ni a ó wá hun gbogbo ojú 72 yíká, tí a ó sì bẹ̀rẹ̀ ríìbù, pílénì méjì, pọ́ọ̀lù méjì. Bí ìlà 28 bá ń fún wa ní sẹ̀ǹtímítà 10, ìlà mẹ́fà yìí ti gbé ẹ̀yìn ọrùn ga ju iwájú lọ ní sẹ̀ǹtímítà 2 ó lé díẹ̀. Ohun tí ọrùn ọmọ náà ń fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣòfò ni ibi tí a ti ń yí padà. Bí ènìyàn bá kàn yí padà lásán, ihò yóò wà níbẹ̀, ihò tí ìka lè wọ̀. Kí a tó yí padà, a gbọ́dọ̀ fi òwú de ojú tó kàn lọ́rùn. A ó gbé ojú náà sórí abẹ́rẹ́ kejì láìhun ún, a ó mú òwú kọjá sí iwájú rẹ̀, a ó dá ojú náà padà sí ibi tó wà, nígbà náà ni a ó tó yí iṣẹ́ padà. Ojú náà yóò dúró bí ẹni tó fi ọ̀já gba ọrùn. Nígbà tí a bá wá ń hun yíká, tí a sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a ó fi abẹ́rẹ́ gbé ọ̀já náà pẹ̀lú ojú rẹ̀, a ó hun méjèèjì bí ẹyọ kan. Ìdè mẹ́fà ni yóò wà nínú ọrùn yìí, mẹ́ta ní ọ̀tún, mẹ́ta ní òsì. Ẹni tó bá fò ọ̀kan, aṣọ náà yóò fi hàn.

Lórí ẹ̀rọ náà, ọgbọ́n kan náà ni. Abẹ́rẹ́ tí a kò bá fẹ́ kí ó hun, a ó fà á síwájú, a ó sì yí ìdarí ẹ̀rọ kí ó fò wọ́n kọjá. Wọn kò sọ ojú wọn nù, wọ́n kàn ń sinmi ni. A ó sì jẹ́ kí òwú gba abẹ́ abẹ́rẹ́ tó sinmi kẹ́yìn kọjá, nítorí ihò kan náà tí mo sọ. Àlàájà a máa wí fún wa pé abẹ́rẹ́ tó ń sinmi kò ṣọ̀lẹ, àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó.

Ní ọdún kejì tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ọkùnrin kan tó ń gba iṣẹ́ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe wá sí ìsọ̀ wa. Sùẹ́tà 40 ló fẹ́, gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Iṣẹ́ tó dára ni. Owó ilé ti tó san nígbà náà, onílé sì ti ránṣẹ́ sí Àlàájà lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin náà mú sùẹ́tà kan tó wà lórí tábìlì, ó fi ìka lé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó ní:

“Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ èyí kúrò. Ẹ hun ún gbọọrọ, iwájú bíi ẹ̀yìn. Ẹ sì yọ owó rẹ̀ nínú owó yín. Ta ni yóò wo ẹ̀yìn ọrùn ọmọdé?”

Àlàájà ní, “Ọmọ mi, jẹ́ kí n yọ àpò rẹ̀ dípò. Àpò méjì yẹn ń gba àkókò ju ọrùn lọ. Iye tí o fẹ́ san náà ni n ó gbà.”

Ó ní rárá, àpò ni àwọn òbí ń rí. Àlàájà ní bí kò bá fẹ́ kí a gbé ẹ̀yìn sókè, kí ó jẹ́ kí a gbẹ́ iwájú sílẹ̀. Ó tún ní ìyẹn náà yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn, òun sì ti bá àwọn tó fẹ́ aṣọ dá ọjọ́. Ó kí Àlàájà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun yóò gba ìsọ̀ mìíràn lọ. Àlàájà sì ní kí ó máa lọ ní àlàáfíà.

Inú àwa ọmọ iṣẹ́ kò dùn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ní ọwọ́, ìlà mẹ́fà yìí pẹ̀lú ìdè rẹ̀ máa ń gbà mí tó ìṣẹ́jú 15. Lórí sùẹ́tà 40, ìyẹn jẹ́ wákàtí mẹ́wàá, iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò ní san owó rẹ̀. Èyí tó jẹ́ àgbà jùlọ nínú wa, tó ti fẹ́ gba fúrídọ́ọ̀mù, kò lè pa á mọ́ra. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Àlàájà, ẹ má bínú. Ọ̀fun ọmọ ọlọ́mọ ni a ń rò. Ta ni yóò ro tiwa?”

Àlàájà kò bá a wí. Ó ní òótọ́ ni ó sọ, pé ebi kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé àgbàlagbà ló fẹ́ wọ sùẹ́tà yẹn, òun ì bá hun ún bí ọkùnrin náà ti fẹ́, nítorí àgbàlagbà yóò wọ̀ ọ́ wò, bí ó bá há a lọ́rùn, yóò pariwo, yóò sì dá a padà. “Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta,” ó ní, “ta ni yóò sọ fún? Yóò sunkún, wọn yóò ní ó ń ṣagídí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí kan ṣoṣo ni òwe yẹn sọ. Ogójì ni èyí.”

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ mẹ́ta tó wà nínú ìsọ̀, ó fi san owó ilé. Ó di pé àwa mẹ́rin ń pín ẹ̀rọ méjì lò, a sì ń dúró de ara wa. Sùẹ́tà 40 náà lọ sí ibòmíràn, wọ́n ṣe é, wọ́n sì gba owó wọn. Kò sí ẹni tó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájà. Àwọn ọmọ tí ó tìtorí wọn ṣe é kò mọ̀ pé ó wà láyé.

Mo ti rò ó títí. N kò lè sọ pé ìbéèrè ọmọ iṣẹ́ àgbà yẹn kò nítumọ̀. Ẹni tó bá ń hun sùẹ́tà ní Ṣómólú lónìí ń bá òkìríkà du ọjà, ó ń bá èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wọlé láti òkèèrè du ọjà, owó òwú sì ń gòkè. Bí ó bá gbé owó lé gbogbo ohun tí ojú kò rí, oníbàárà yóò sá. Bí kò bá sì gbé owó lé e, ebi yóò pa á. Òtítọ́ ni ìyẹn.

Ohun tí mo fi ń ṣe ara mi nìyí. Mo ní sùẹ́tà mẹ́ta tí mo fi kọ́ ara ògiri ìsọ̀ mi, ìwọ̀n kan náà, àwọ̀ kan náà. Ọ̀kan gbọọrọ, ọ̀kan ní iwájú tí a gbẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan ní ìlà kúkúrú lẹ́yìn ọrùn. Iye owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra. Bí oníbàárà bá mú ọmọ dání, mo máa ń fi wọ́n wọ ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó ní kí ó wolẹ̀ bí ẹni ń kọ̀wé, kí ó gbé ojú sókè. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń rí i fúnra wọn láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀. Bàbá kan rí i, ó sì ní gbọọrọ náà ni owó òun ká. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọmọ rẹ̀, ó lè sọ bí ó bá ha á. Mo hun ún fún un, mo sì rọra dín ríìbù iwájú kù kí ó má ba à gun ọ̀fun.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún márùn-ún, n kò ní gbọọrọ fún un nínú ìsọ̀ mi, ó pọ̀ tàbí ó kéré. N kì í sì í fi okùn sí ọrùn aṣọ ìkókó, nítorí okùn lè fún un lọ́rùn nínú oorun. Bọ́tìnnì méjì ní èjìká ni mo ń lò, mo sì máa ń rán an le kí ó má bàa já bọ́ sí i lẹ́nu. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí òfin yìí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ráhùn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ráhùn. Mo sọ iye tí ó ná wa fún wọn, n kò fi pamọ́, nítorí ó yẹ kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ iye tí ohun tó ń kọ́ jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má fi sùẹ́tà bẹ̀rẹ̀ ìlà kúkúrú. Ẹ gbé ojú 30 sórí abẹ́rẹ́, kí ẹ fi òwú tó mọ́lẹ̀ kọ́ ọ, kí ẹ lè rí ìdè yín. Ẹ ṣe é, ẹ tú u, ẹ tún un ṣe, títí ihò kò fi ní sí. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ ó rí i pé òun náà ni a fi ń yí gìgísẹ̀ ìbọ̀sẹ̀, òun náà ni a sì fi ń dẹ èjìká sùẹ́tà kí ó má bàa yọ bí etí àpótí.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ra èyí tó kàn, ẹ mú sùẹ́tà ọmọ yín tó wà nílé, ẹ tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ẹ tò ó kí èjìká rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Bí etí ọrùn iwájú bá wà ní ìsàlẹ̀ ti ẹ̀yìn, ẹni tó hun ún ti rántí ọmọ yín. Bí méjèèjì bá dúró lórí ara wọn, ẹ pe ọmọ náà, kí ẹ sì bi í léèrè bí ọrùn rẹ̀ ti ń ṣe é. Bí kò bá tíì lè sọ̀rọ̀, ẹ wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ.